Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Wáyà Ẹ̀pẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé tẹlifóònù ayé ìgbà yẹn ń sọ̀rọ̀. Ariwo ló ń pa! Èmi ni mò ń so ìpè pọ̀ ní pósítọ́fíìsì Ìkòròdú, nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí òmìnira tó dé. Bí òjò bá ti wó imọ̀ ọ̀pẹ lu wáyà tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ohùn á rẹlẹ̀, èmi tí mo wà láàárín ni màá tún ọ̀rọ̀ ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹnu mi kì í dákẹ́.

Akọ̀wé kan ní Ẹ̀pẹ́ fẹ́ fẹ́ mi, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Bàbá mi ò gbà. Oníṣòwò ẹja kan ní Èbúté ti ń tọrọ mi lọ́wọ́ wọn. Òjò ti ba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ jẹ́ nígbà náà, Bàbá sì ní bí àwọn ò bá gbọ́ ohùn akọ̀wé yìí títí ọjọ́ Jímọ̀, àwọn á fi mí fún ẹlẹ́ja. Ni mo bá ní kí wọ́n wá sí pósítọ́fíìsì.

Bàbá wọ inú yàrá tẹlifóònù, wọ́n gbé e sétí. Mo so ìpè náà pọ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ni mo gbọ́ láti Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn náà, gbì! Kò sóhùn mọ́.

"Ó dà?" Bàbá figbe ta. "Ṣé ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni?"

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ara ògiri ni wọ́n kan tẹlifóònù Ẹ̀pẹ́ mọ́. Ọkùnrin mi ti ju èyí tó gbé sétí sílẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ògiri! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti ń kí Bàbá, níbi tí tẹlifóònù ò ti lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ó dìde, ó ní, "Ṣé àlàáfíà ni, sà?" Gbì! Ó tún lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!" mo pariwo. "Bàbá ò rí yín o!"

Bàbá wá bi í pé kí ló fẹ́ fi bọ́ mi.

Ohùn rẹ̀ dé tín-ín-rín: "Kẹ̀kẹ́ kan ni mo ní, sà, àti iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ebi ò ní pa á."

"Kí ló wí?" Bàbá bi mí.

Yéè, kẹ̀kẹ́ níwájú ẹlẹ́ja tó lọ́kọ̀ ojú omi méjì! Mo ní, "Ó ní òun ti fẹ́ parí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí ọ̀sà, Bàbá."

Bàbá ní, "Ọmọ mi, etí mi ò di. Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ dáadáa."

Mo fọwọ́ bo ẹnu mi.

"Ìwọ ọmọ Ẹ̀pẹ́," Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "olóòótọ́ ni ẹ́. Máa mú un lọ. Kí Ọlọ́run fún ẹ ní sùúrù, torí òpùrọ́ ni mò ń fún ẹ yìí."

Mo ń retí kó dúpẹ́. Gbì! ni mo gbọ́.