Ìjàpá Ìgbéyàwó Noelin

Ọjọ́ tí wọ́n bí Noelin ni Papa Dolf, bàbá rẹ̀, gbé ọmọ ìjàpá kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sínú ọgbà olókùúta tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní La Digue, erékùṣù wa, bí ọmọ bá jẹ́ obìnrin. Láyé àwọn bàbá wa, ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà ni wọ́n máa ń pa á jẹ. Ní tiwa, kò sẹ́ni tó ń pa á mọ́. Òdòdó la máa ń tò sẹ́yìn rẹ̀, a ó mú un jáde sí àgbàlá kí àwọn ará ilé ọkọ wò ó, lẹ́yìn náà ni ìyàwó á tó kúrò nílé.

Madanm ni wọ́n sọ ìjàpá náà. Òun àti Noelin jọ dàgbà ni. Madanm fẹ̀ bíi tábìlì, bí irú ìjàpá erékùṣù wa ṣe máa ń tóbi, Noelin di ọmọge, nígbà tó yá ó kọjá ọmọge, síbẹ̀ kò sí èyí tó tíì jáde nínú àwọn méjèèjì.

Èmi Gaston, ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wà láàárín La Digue àti Praslin, erékùṣù tó wà lódìkejì, ògiri mi àti tiwọn sì fara kanra. Ojú mi ló ṣe. Inú ṣì ń bí mi bí mo bá rántí.

Láti ìgbà tí ìyá Noelin ti kú, òun ló ń se oúnjẹ bàbá rẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń tún àwọ̀n ẹja rẹ̀ ṣe. Ó ń rán aṣọ fún àwọn ará àdúgbò lójú fèrèsé ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni ọgbà Madanm wà, kò sí nǹkan mìíràn tó lè máa wò. Maksans tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Praslin ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, inú ọkọ̀ mi ló máa ń wọ̀ wá.

Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé, ìgbẹ́ gbuuru mú Madanm. Ìdí rẹ̀ dọ̀tí, òórùn gba gbogbo àgbàlá. Papa Dolf ní, "Àlejò ò gbọdọ̀ rí i báyìí. Ẹ sún ọjọ́ yẹn síwájú jàre." Wọ́n sún un. Wọ́n dá òmíràn, Madanm ò yàgbẹ́ rárá, ikùn rẹ̀ wú, ó tẹ́ ọrùn sílẹ̀ kò fẹ́ rìn. Wọ́n tún sún un. Aṣọ ìgbéyàwó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Noelin sì ti tú ìbàdí aṣọ náà, ó tún un rán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí pé ara kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará etíkun wa ò láàánú. Bí Noelin bá ti yọ, wọ́n á ké sí i pé, "Noelin ò! Ṣé Madanm ti yàgbẹ́?" Ó di ìkíni. Ọmọ kékeré ń kí i bẹ́ẹ̀, fadá pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kí i lọ́jọ́ kan. Á rẹ́rìn-ín, á gba ẹja rẹ̀, á padà sílé. Lọ́jọ́ kan tó ń sá aṣọ, ó sọ fún mi pé, "Bọ̀dá Gaston, ṣé ẹ mọ̀ pé ìjàpá yìí máa pẹ́ láyé jù mí lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà sú Maksans. Ó sọ níwájú mi pé, "Noelin, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n èmi náà ń darúgbó. Bí èyí tó ń bọ̀ yìí bá tún yẹ̀, mi ò ní padà wá mọ́."

Ìgbà yẹn ni Noelin bẹ dókítà ẹran tó wá wo màlúù ní erékùṣù wa. Obìnrin ni. Ó fi igi tú ìgbẹ́ Madanm, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Koríko, Dókítà. Ewé, àti omi."

"Rárá o. Ìgbẹ́ tó wá látinú koríko kì í kan báyìí. Èso dídùn nìyí. Ẹ wo ìrẹsì."

Noelin ní àwọn ò fún un ní ìrẹsì. Dókítà wò ó, ó ṣàlàyé pé koríko àti ewé ni ikùn ìjàpá mọ̀ ọ́n lọ̀. Bí èso dídùn bá pọ̀ jù níbẹ̀, á kan, á kún fún afẹ́fẹ́, aràn á pọ̀ sí i. Ìrẹsì àti búrẹ́dì ní tiwọn á dì sínú rẹ̀. Ó fún un lóògùn aràn, ó ní kí Madanm máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó máa rìn nínú oòrùn, kó jẹ koríko gbígbẹ pẹ̀lú èèpo ẹyin lílọ̀, kò sí nǹkan mìíràn.

Noelin ṣe gbogbo rẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò, ó ń pọn omi gbígbóná sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pariwo pè mí sí ògiri.

"Bọ̀dá Gaston, ẹ wá wò ó! Ó gan! Ẹ wo koríko nínú ẹ̀!"

Mi ò tíì rí àgbà obìnrin tí ìgbẹ́ múnú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n dá ọjọ́, Sátidé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo ń po epo ọkọ̀ mi lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo rí Papa Dolf tó jókòó sórí òkúta ọgbà. Ó ń bó máńgòrò tó ti pọ́n, ó ń fi sí Madanm lẹ́nu, abọ́ ìrẹsì àná wà lórí itan rẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Noelin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Papa, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Ebi ń pa á."

"Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ."

"Ṣé dókítà ló tọ́ ọ ni? Kí ló mọ̀?"

"Papa, ẹ mọ̀ pé yóò ṣàìsàn. Àbí ẹ ò mọ̀?"

Bàbá náà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Kò gbójú sókè.

"Bí ara ẹ̀ bá yá," ó ní, "ìwọ á lọ."

Mo fẹ́ fo ògiri yẹn kí n gba abọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Noelin ló gbà á. Kò sunkún, kò pariwo.

"Ẹ gbọ́ o, Papa. Sátidé ni mò ń lọ. Bí Madanm yàgbẹ́ omi, bó ya òkúta, mo ti lọ. Ẹ̀yin ni mo fi í sílẹ̀ fún. Ọjọ́ ìsinmi tí mo bá gbọ́ pé ìgbẹ́ ẹ̀ gan, màá wá bá yín jẹun. Bó bá jẹ́ omi, mi ò ní wá."

"Ta ló máa sọ fún ọ?"

Ó nawọ́ sí mi lórí ògiri. "Bọ̀dá Gaston."

Mo ní mo gbé. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ mí di akọ̀wé ìgbẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, òórùn Madanm dé ojú títì. Àwọn àna fi aṣọ bo imú. Kò sí òdòdó, a ò mú Madanm jáde, Papa Dolf ò sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé ìyàwó kọjá sí Praslin. Títí tí La Digue fi kéré lẹ́yìn wa, ẹ̀yìn ló ń wò.

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló máa ń dúró sí èbúté Praslin dè mí, pẹ̀lú agbọ̀n oúnjẹ lọ́wọ́. Òun gan-an ló ń béèrè báyìí: "Bọ̀dá Gaston, ṣé Madanm ti yàgbẹ́?" Màá ní, "Omi ni." Á gbé agbọ̀n rẹ̀, á padà. Ó ti lọ́kọ, ó ti nílé tirẹ̀, síbẹ̀ ọgbà olókùúta yẹn ṣì dì í mú láti òdìkejì òkun. Mo fẹ́ parọ́ fún un lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí Papa Dolf nínú oòrùn pẹ̀lú àdá, tó ń gé koríko, tó ń sá a sórí páànù. Mo rí i tó ń pọn omi gbígbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó ti dé etíkun ṣáájú mi, ó wọ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di nǹkan sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rò pé ẹja ni. Mo ṣí i: ìgbẹ́ ìjàpá ni, ó gan bí igi, fọ́nrán koríko yọ lára rẹ̀.

"Mú un fún un," ó ní. "Kó má baà ní mo ní kó o parọ́ fún òun ni."

Mo gbé e ka orí àga iwájú níbi tí fadá máa ń jókòó sí. Ní Praslin, Noelin ṣí ewé náà. Ó fi ìka kàn án, ó wò ó pẹ́, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sórí ewé.

"Bọ̀dá Gaston," ó ní, "ẹ dákun, ẹ dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí n lọ pe Maksans."