Ìlú yìnyín kékeré tí mo yàn fún èmi àti ọmọ mi

Àárọ̀ yìí ni mo mọ̀ pé ọmọ mi obìnrin ò fẹ́ bá mi lọ síbì kankan mọ́.

Mo ti rí ìlú kékeré kan lórí òkè ní West Virginia tá a ti lè ṣe ski, ìyẹn ká máa yọ̀ lórí yìnyín, mo sì ti gba yàrá síbẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi ní school. Èrò kì í pọ̀ níbẹ̀. Mo rò pé a máa ráyè sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún un nínú mọ́tò bí mo ṣe ń gbé e lọ school.

"Mummy, who even goes there?"

"Èmi pẹ̀lú ẹ."

"Daddy ní àwọn àti Aunty Fúnmi máa mú mi lọ ṣe ski ní Colorado nígbà holiday yẹn. I already said yes."

Aunty Fúnmi ni ìyàwó tuntun bàbá ẹ̀.

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

Ó ki earpiece bọ etí.

Mo ti cancel yàrá náà.

Ẹ̀yin tẹ́yin àti ọkọ yín ti pínyà, ṣé ọmọ yín padà sọ́dọ̀ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí.