Mínọ́ọ̀sì tí mo fi ba tẹ́ẹ̀sì ọmọ mi jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè wo ọmọ mi lójú lónìí.

Lánàá, Tèmítọ́pẹ́ ń ka mátì nílé wa n'Ìpọ̀nrí. Wọ́n ní kó wá fátẹ́ẹ̀sì, ibi tí ìlà parábólà ti ń yí padà, fún y = (x − 3)² + 2. Ó kọ (3, 2).

Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé o ò rí mínọ́ọ̀sì tó wà níwájú 3 yẹn ni? Pa á rẹ́!"

Ó wò mí. Ó pa á rẹ́, ó kọ (−3, 2).

Irú ẹ̀ márùn-ún ló jáde nínú tẹ́ẹ̀sì àárọ̀ yìí. Bí mo ṣe sọ ló ṣe wọ́n, ó sì féèlì gbogbo ẹ̀. Tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀: "Nọ́ńbà tó máa sọ inú àkámọ́ di òdo ni ká wá. Má kó mínọ́ọ̀sì mọ́ ọn."

Mo ní, "Tọ́pẹ́, ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọmọ tó bá ń bá àgbà jiyàn ò lẹ́kọ̀ọ́."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi kọ́ ọ ní ìyẹn, ó sì ti yé e dáadáa. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbà mí o: báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ẹ̀kọ́ yẹn padà lọ́wọ́ ẹ̀?