Fọ́tò Àlàájà Lára Pátákó

Tí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ìkòròdú, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pátákó gbọọrọ kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Fọ́tò gbogbo àwa olùkọ́ àti àwọn alákòóso ló wà lára rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ló wà lókè pátápátá, nínú kóòtù dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Akọ̀wé àgbà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn olórí ẹ̀ka, lẹ́yìn náà àwa tó kù, orúkọ àti ipò kálukú lábẹ́ ojú rẹ̀. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Ìlà kẹta ni èmi wà, lápá òsì. Mi ò fẹ́ràn fọ́tò mi yẹn rárá, ó jọ ti ẹni tó ń retí kí wọ́n wá gba béèlì òun.

Àlàájà ló ń tọ́jú pátákó náà. Àwọn ni olórí ẹ̀ka agbẹ̀bí, àwọn ni ọ̀gá mi, àwọn ló sì gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mo ṣì ń bẹ̀rù láti dúró níwájú kíláàsì. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ pátákó lé wọn lọ́wọ́, wọ́n kàn ń ṣe é ni. Nígbàkígbà tí olùkọ́ kan bá ń fi wá sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ló máa fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yọ fọ́tò onítọ̀hún, wọ́n á fi sínú àpòòwé, wọ́n á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Wọ́n á ṣàdúrà. Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn: “Mi ò fẹ́ kí ojú rẹ wà níbi tí ìwọ fúnra rẹ ò sí.”

Láwọn ọdún tá a wà yìí, àpòòwé ò tán nílẹ̀. Ẹnì kan ń lọ sí London, ẹnì kan ń lọ sí Kánádà, ẹnì kan ń lọ sí Saudi. Àwọn tí kò rí ìwé ìrìnnà gbà ń lọ sí ilé ìwòsàn àdáni ní Lekki. Nígbà tó yá, àlàfo orí pátákó pọ̀ débi pé ọ̀gá àgbà pe Àlàájà, ó ní àwọn àlàfo náà ń dójú tì wá níwájú àlejò.

Àlàájà ní, “Ẹ gba ènìyàn síṣẹ́, sà. Pátákó á kún.”

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, kò sì gba ẹnikẹ́ni. Ní ẹ̀ka tiwa, ó wá ku Àlàájà, èmi, àti olùkọ́ kan tó ń wá lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Àlàájà kọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹta bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára abiyamọ. Wọ́n ṣíwọ́, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ kò lè bá wọn ní Ìkòròdú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé ni wọ́n, nínú àwọn ìdílé mùsùlùmí tí baba ńlá wọn kó wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó láyé ọjọ́un, wọ́n sì ń fi yangàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọmọbìnrin wọn pè mí lórí fóònù. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń fi oògùn tì síwájú tì sẹ́yìn ló mú wọn lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Mo sáré jáde nílé mi ní Lásùnwọ̀n, ṣùgbọ́n sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ká mi mọ́ ojú ọ̀nà Ìtòìkín. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti sin wọ́n sẹ́yìnkùlé, wọ́n ti ń tẹ́ erùpẹ̀ dáadáa. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún títí ẹnì kan fi bu omi fún mi.

Ọ̀gá àgbà kó wa lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ nínú bọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ògiri ńlá kan ti wó. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, ọmọbìnrin Àlàájà tẹ̀ lé mi dé ẹnu bọ́ọ̀sì. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, òun nìkan ni wọ́n bí.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò màmá mi tó wà lára pátákó yẹn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ bá mi mú un wá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fáwọn ẹlòmíràn.”

Mo ní, “Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ni, ọmọ mi.”

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ náà nínú dúrọ́ọ̀ Àlàájà. Mo ti ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ fọ́tò nígbà tí ọ̀gá àgbà jáde sí mi láti ọ́fíìsì rẹ̀.

“Màámi, kí lẹ fẹ́ ṣe yẹn?”

Mo ṣàlàyé. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù tí àwọn aláyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa máa dé. Ó ní ẹ̀ka tí kò bá ní olórí tó kúnjú òṣùwọ̀n, wọn ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdún kẹta rẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde. Ìwé ẹ̀rí tèmi ò sì tíì tó ti olórí ẹ̀ka.

“Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, Màámi. Ẹ jẹ́ kí Àlàájà bá wa dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ràn àwọn ọmọ yìí. Ká ní wọ́n wà láyé, ṣé wọ́n á kọ̀?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Mo ronú kan àwọn ọmọ ọdún kẹta, pàápàá obìnrin kan láti Ìgbògbò, ìyá ọlọ́mọ méjì, tó máa ń jí pọn omi, wẹ ọmọ, kó wọn fún ìyá ọkọ rẹ̀, kó tó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá wá sí kíláàsì mi, tí kì í sì í pẹ́ dé. Mo fa ọ̀bẹ náà yọ. Mo dá a padà sí dúrọ́ọ̀.

Ká ní ibi tí mo bá a dé dúró nìyẹn, ì bá sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláyẹ̀wò máa ń wo rẹ́jísítà tí olùkọ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀. Ọ̀gá àgbà ò mọ bí Àlàájà ṣe ń fọwọ́ sí ìwé, akọ̀wé àgbà ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, torí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé mi láìmọye ìgbà. Mo jókòó, mo fọwọ́ sí i fún wọn láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ikú wọn títí di ọjọ́ náà, mo sì ń fọwọ́ sí i láràárọ̀ lẹ́yìn náà. Ó bá tiwọn mu gẹ́lẹ́. Títí di òní, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Gbogbo ibi ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Àwọn ọmọláńgidi tí a fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní òdìkejì ọ̀sà la ti yá wọn, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn dé èbúté Ìpakòdò, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn. Àwa méjì tó kù ní ẹ̀ka agbẹ̀bí wọ aṣọ funfun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Aláyẹ̀wò mẹ́ta ló dé, obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún sì ni olórí wọn. Kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ó ń rìn lọ níwájú pátákó, ó sì dúró lójijì. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan ojú Àlàájà.

“Màmá mi nìyí! Ṣé ibí ni wọ́n wà?”

Gbogbo líle ojú rẹ̀ tú. Ó sọ fún wa pé Àlàájà kọ́ òun níbòmíràn kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ wa. Ní ọdún kejì òun, ọmọ tuntun kan kú mọ́ òun lọ́wọ́, òun sì palẹ̀ ẹrù mọ́ pé òun ò ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Àlàájà gba báàgì lọ́wọ́ òun, wọ́n mú òun lọ sílé wọn ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń bọ́ òun fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láì sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. Lọ́jọ́ kẹjọ ni wọ́n ní ó tó àkókò láti padà.

Ó wò yíká. “Wọ́n dà?”

Ọ̀gá àgbà wò mí. Akọ̀wé àgbà wò mí. Mo wo àwọn ọmọ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n mọ̀ pé Àlàájà ti kú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mira.

Mo ní, “Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀pẹ́, mà.”

“Ẹ̀pẹ́? Ẹ̀pẹ́ náà ni a ó ti ṣe àyẹ̀wò lọ́la. Màá yà kí wọn nílé. Mo ṣì mọ ilé yẹn. Ẹ má sọ fún wọn o, mo fẹ́ kó bá wọn lójijì ni.”

Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo lè dá a dúró níbẹ̀ kí n sọ fún un pé, ẹ dákun, irọ́ ni mo pa. Mo yà fún un, ó kọjá lọ wo àwọn ọmọláńgidi tí a yá, ó sì ń mi orí pé ó dára.

Bí wọ́n ṣe lọ, ọ̀gá àgbà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní kí n pe ọmọ Àlàájà, kí n sọ fún un pé kó dáhùn pé màmá òun rìnrìn àjò. Mo pè é. Ó gbé e kíá.

“Àǹtí mi, ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ ti ń mú fọ́tò náà bọ̀?”

Mo ní, “Mò ń mú un bọ̀.” Mo pa fóònù. Mo sọ fún ọ̀gá àgbà pé bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó pè é fúnra rẹ̀. Òun náà ò pè é.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní kíláàsì nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn obìnrin aláyẹ̀wò náà ni.

Ó ní, “Ẹ̀yìnkùlé wọn ni èmi àti ọmọ wọn wà. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì dání fún wọn.”

Mo bọ́ síta kúrò níwájú àwọn ọmọ.

“Ta ló fọwọ́ sí rẹ́jísítà?”

“Èmi ni, mà.”

Mo ń gbọ́ tí ó ń fa imú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pariwo. Ó ní, “Ó wà nínú ìwé ìlànà tí a fún yín. Ẹ̀ka tí olórí rẹ̀ bá kú, oṣù mẹ́fà la máa ń fún un kó fi wá ẹlòmíràn, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì ṣe ìdánwò wọn. Ìwé ẹ̀rí ikú nìkan la ń béèrè. Ká ní ẹ sọ fún mi lánàá pé wọ́n ti kú, ọwọ́ ara mi ni màá fi kọ ọ́. Àmọ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé fún òkú. Àwa mẹ́ta la jọ rí i. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?”

Ó pa fóònù. Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ ní kíláàsì, mo lọ sí ọ́fíìsì Àlàájà. Ìwé ìlànà náà wà lórí pẹpẹ, níbi tó máa ń wà. Àlàájà máa ń kà á fún wa nínú mítìn, àwa á sì máa tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì. Mo ṣí i. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà náà wà níbẹ̀, ìlà mẹ́rin péré. Àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wa, wọ́n sì ti kú.

Lẹ́tà dé. Àwọn ọmọ ọdún kẹta ò ní ṣe ìdánwò, ẹ̀ka sì di títì. Ọ̀gá àgbà ṣe mítìn, ó ní àṣìṣe díẹ̀ wà nínú ìwé tí a kọ. Ó ṣì wà lórí pátákó, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ló ní kí n lọ sọ fún àwọn ọmọ, mo sì sọ fún wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan rẹ́jísítà. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Obìnrin Ìgbògbò yẹn dìde, ó ká ìwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Kò padà wá mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo yọ fọ́tò Àlàájà. Mo fi sínú àpòòwé, mo sì wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọbìnrin wọn wà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Ó kí mi bí ó ṣe yẹ, ó gbé àga fún mi, ó bu omi. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na àpòòwé náà sí i.

Kò na ọwọ́. Ó wò ó títí.

Ó ní, “Ẹ gbé e padà, Àǹtí. Ṣebí ẹ ní wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.”

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Mo dìde. Mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìkòròdú, mo gbé àpòòwé náà lé itan, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú títí a fi délé.