Bí A Ṣe Lọ Ná Bàálù Àlòkù ní Ìlọrin

Àkùkọ kò tíì kọ lọ́jọ́ náà tí ọmọ mi Tọ́pẹ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, tó ti wọ bàtà tán, tó ní a ti pẹ́. Mo bi í pé ta la pẹ́ fún. Bàálù tí a fẹ́ lọ wò ti wà lójú kan fún ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé òwúrọ̀ yìí gan-an ló máa gbéra sá lọ ni? Ó ti gbé báàgì mi bọ́ síta. Bí ọmọ bá kàwé dé ibì kan, ìbéèrè ìyá rẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí létí odò Lọ́kọ́ja níbí á ti máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní kí ló pa èmi àti bàálù pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àlòkù ni mò ń tà. Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ òwò náà, nígbà tó kú ni mo gbà á ṣe. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Tọ́pẹ́ ní tirẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, ó gbàwé ẹ̀rí, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ìwé sì wà lára ògiri fún ọdún méjì láìsí iṣẹ́. Gbogbo ibi tó bá dé, wọ́n á bi í pé wákàtí mélòó ló ti fò. Tí ẹ ò bá gbà á síṣẹ́, ibo ló ti máa rí wákàtí fò? Wọn ò rò ó débẹ̀. Àfìgbà tí àwọn kan tó ń gbin ìrẹsì lẹ́bàá odò sọ pé bó bá ní bàálù tirẹ̀ kí omi tó kún lọ́dún yìí, òun ni yóò máa gbé àwọn lọ sókè wo oko. Ni mo bá ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi ní Fẹ́lẹ́lẹ́. Ogójì mílíọ̀nù náírà. Mi ò ní ilẹ̀ mìíràn. Tí a bá fi ra pàǹtí, ilẹ̀ lọ, iṣẹ́ lọ, ọmọ náà gan-an sì lè lọ, nítorí òun ló máa jókòó sínú rẹ̀.

Sienna ni a wọ̀ ní gáréèjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Sálífù lorúkọ awakọ̀ wa, ọmọ Ebira ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pijin ló fi ń jà. Mo ní kó gba mẹ́wàá mẹ́wàá.

"Mama, fuel no be pure water," ó ní.

"Ta ló sọ pé omi ni? Gba méjìlá."

"Mama, enter or come down."

Mo wọlé. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti mọ̀ pé ọjọ́ náà ò ní san ẹni tó bá ń nájà.

Bí a ṣe sún mọ́ Ọbájánà, tírélà sìmẹ́ǹtì ti tò sí ọ̀tún, ó tò sí òsì, bí ẹni tó ń retí ọba. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú la fi wà lójú kan. Eruku funfun bo igi, ó bo ewúrẹ́, ó bo ọlọ́kadà. Inú ẹnu ọlọ́kadà nìkan ni kò bò, nítorí èébú tó ń bú àwọn onítírélà kò jẹ́ kó pa á dé. Tọ́pẹ́ ní ká ní òkè la wà ni, ìṣẹ́jú mélòó kan la máa fi kọjá gbogbo èyí. Mo ní a ò tíì wà lókè, kó fún mi lómi.

Ní Kábà, a sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ilé mi nìyẹn, mo ti kí wọn ní "Òkun" kí ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀. Iyán ẹgbẹ̀rún kan, ẹran ìgbẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Sálífù wo abọ́ wa, ó ní, "Iyán láàárọ̀?" Mo ní àwa kì í fi tíì rán ènìyàn lọ sóko. Lẹ́yìn Kábà, ọ̀nà ò ṣe é pè lọ́nà mọ́. Láti Mọ̀pà dé Ìsánlú, kòtò ju ọ̀dà lọ. Sálífù ò wa mọ́tò mọ́, ńṣe ló ń fi mọ́tò wá ọ̀nà. Ìdí mi mọ gbogbo abúlé tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé Ìlọrin. Ní Lọ́kọ́ja, ẹja la fi ń pa ebi lójú ọ̀nà. Níbí, wàrà ni, márùn-ún ẹgbẹ̀rún kan, ó gbóná, ata sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó tà á kí mi, ó kí ọmọ mi, ó kí ilé tí mo fi sílẹ̀, ó kí ọ̀nà, ó sì wá ta á fún mi lówó gọbọi. Mi ò rí ibi bínú sí. Ìkíni ti gba ẹnu mi.

Ilé tí bàálù ń sùn sí ní pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ń pè ní háńgà. Mo rò pé mo máa rí nǹkan bàbàrà. Páànù lásán ni, bí ilé tí wọ́n ń kó kaṣú sí ní Kábà. Ọ̀gbẹ́ni Délé, ajẹ́ntì tó ń bá olówó kan ta bàálù rẹ̀, ló pàdé wa níbẹ̀. Kóòtù dúdú ló wọ̀ nínú oòrùn yẹn, lọ́fínńdà rẹ̀ sì ti kí wa kí òun tó kí wa. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tanná. Bàálù náà funfun báláú, ìlà pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìjókòó méjì tí wọ́n fi awọ ṣe wà nínú rẹ̀. Tọ́pẹ́ gbọ́wọ́ lé apá rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Mo rí i, inú mi bàjẹ́. Ẹni tó bá ti fẹ́ràn ọjà lójú ọlọ́jà, owó rẹ̀ ti tán.

"Màmá, ẹ ò lè rí irú rẹ̀ mọ́," Délé ní. "Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò fò ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Bí tuntun ni."

"Kí ló dé tí kò fi fò?"

"Ọ̀gá ò ráyè ni. Olówó ni wọ́n."

"Ó ra bàálù, kò wá ráyè wọ̀ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Olówó mà ń jìyà o."

Tọ́pẹ́ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo béèrè iye tó jẹ́. Délé ní ogójì mílíọ̀nù géérégé. Mo yíjú wo Tọ́pẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Ó ti sọ iye tó wà lọ́wọ́ wa fún un lórí fóònù. Ọmọ tí mo bí sínú òwò, tí mo fi èrè òwò rán níwèé, ló ka owó ìyá rẹ̀ fún ajẹ́ntì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ẹ́ńjìnnì. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ ni mo ń bẹ̀rù jù. Àwọn èèyàn á gbé ẹ́ńjìnnì bàbá wọn tó kú wá bá mi, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́ rí, inú yàrá ló wà. Mo máa ń ní kí wọ́n dá a padà sí yàrá. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ọ́ìlì ń yí i lára, ìpẹtà ò ráyè mú un. Èyí tó bá jókòó, ọ̀rinrin á máa jẹ ẹ́ nínú, ara rẹ̀ á sì máa dán. Nítorí náà kò sí ẹlẹ́ńjìnnì tí kò ní òòfà lápò, irin tó máa ń fa irin mọ́ra. Èmi yọ tèmi lára sípíkà tó bàjẹ́ ni.

Mo ní kí mẹkáníìkì wọn fa ọ́ìlì díẹ̀ sínú àwo funfun fún mi. Ó wo Délé.

"Màmá, bàálù kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi," Délé ní.

"Ṣé òun kì í lo ọ́ìlì ni?"

"Ó ń lò ó."

"Ẹ fà á."

Mo ti òòfà bọ inú ọ́ìlì, mo rò ó, mo fà á jáde. Ó hu irùngbọ̀n. Gbogbo ara rẹ̀ kún fún irin wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun. Ẹ́ńjìnnì ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Tọ́pẹ́ gbọ́wọ́ kúrò lára bàálù. Mẹkáníìkì rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn.

"Kékeré nìyí," Délé ní. "Ọ̀gá lè dín in kù fún yín."

Èmi ni mo wá ṣìṣe níbí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tó ti ń nájà láti kékeré, tó bá gbọ́ "a lè dín in kù," orí rẹ̀ á dàrú. Mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó fẹ́ ṣubú. Ó ní márùndínlógójì. Mo gbé báàgì mi, mo kọjú sí géètì, ó pè mí padà, ó ní ọgbọ̀n. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, mo tún lọ, ó tún pè mí padà. Nígbà tó dé méjìlélógún, òógùn ti gba kóòtù rẹ̀ já, inú mi sì ń dùn bí ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Mo ní a gbà. Mo ní mẹkáníìkì wa létí odò máa fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́ fún wa.

"Mọ́mì," Tọ́pẹ́ ní, "tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú omi, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa fi àjẹ̀ wà á dé èbúté ni."

Tọ́pẹ́ ṣílẹ̀kùn bàálù. "Ó dáa. Ẹ wọlé. Ká jọ gbé e lọ sókè, èmi pẹ̀lú yín, kí ẹ tó sanwó."

"Mo ti ná an dé méjìlélógún, Tọ́pẹ́."

"Mo gbọ́. Ẹ wọlé, mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ wọlé, Ọlọ́run ń gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà. Mo wo ìjókòó aláwọ yẹn, mo wo ojú ọmọ mi, mo wo irin tó wà lára òòfà ọwọ́ mi. Mo gbé báàgì mi lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì jáde lóòótọ́. Délé sáré tẹ̀ lé mi, ó ń pè pé ogún, Màmá, ogún. Ìdajì owó. Ẹsẹ̀ mi ń lọ, ọkàn mi ń pa dà.

Bí a ṣe jáde ni bàálù kékeré kan balẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan pupa, èkejì àwọ̀ eérú, ìjókòó rẹ̀ ti ya, wọ́n fi ankara bò ó. Bàbá arúgbó kan tó ń kọ́ èèyàn ní bàálù wíwà ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bàbá Jímọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, òun náà ń ta tirẹ̀. Àṣé Tọ́pẹ́ ti rí àwòrán bàálù náà lórí fóònù tipẹ́, ó ní ó burẹ́wà, ojú á ti òun lọ́dọ̀ àwọn onírẹsì. Mo kàn wo Tọ́pẹ́ láti òkè délẹ̀.

"Méjìdínlógójì," Bàbá Jímọ̀ ní.

"Bàbá, ẹ gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó fún mi ní wàrà. Mo ní ọgbọ̀n. Ó fún mi lómi tútù, ó ní méjìdínlógójì. Mo ní ilẹ̀kùn ò bára mu. Ó ní òótọ́ ni, méjìdínlógójì. Èèyàn ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà, kò bínú, kò sì mì. Ó gbé ìwé gbàǹgbà mẹ́rin jáde, lọ́ọ̀gì-búùkù ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ gbogbo wákàtí tí bàálù fò àti gbogbo nǹkan tí wọ́n tún ṣe lára rẹ̀ sí. Tọ́pẹ́ jókòó sílẹ̀, ó kà á títí oòrùn fi rọ̀. Èmi fa ọ́ìlì, mo ti òòfà bọ̀ ọ́, ó jáde ní mímọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, tí mo ń gbàdúrà kí n rí irin díẹ̀, kí n lè fi já owó náà wálẹ̀. Kò sí.

A sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá gáréèjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, kò síná, kò sómi, Bíbélì nìkan ló wà. Lọ́jọ́ kejì, Tọ́pẹ́ wá ẹnjiníà kan tí kì í ṣe ti Délé, tí kì í ṣe ti Bàbá. Ó tú bàálù náà wò dé ọ̀sán, ó ní kò sí àbùkù tó ju ẹwà lọ. Ni Tọ́pẹ́ bá ṣí ilẹ̀kùn aláwọ̀ eérú, ó ní, "Mọ́mì."

Mo wọlé. Ohun tí mo sọ nígbà tí ilẹ̀ fi wá sílẹ̀, ẹ má bi mí. Nígbà tí mo lajú, òrùlé pípọ́n Ìlọrin tẹ́ lọ lábẹ́ wa, ọwọ́ ọmọ mi sì dúró jẹ́jẹ́ lórí ohun tó fi ń wà á, ó ń bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀ lóyìnbó bí ẹni tó jókòó sílé rẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń wo ìwé ara ògiri yẹn. Mi ò rí i kó ṣe iṣẹ́ náà rí.

A balẹ̀, mo sanwó. Mo bẹ Bàbá Jímọ̀ pé kó bu ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré kúrò, kí n lè rí nǹkan wí nílé.

"Ìyá," ó ní, "tí mo bá bù ú kúrò, ẹ máa ní mo ti fi kún un tẹ́lẹ̀ ni."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo máa sọ gan-an nìyẹn.

Tọ́pẹ́ dúró nítorí ìwé tí wọ́n máa fi bàálù sórúkọ rẹ̀, èmi nìkan padà gba ọ̀nà kòtò yẹn. Títí mo fi rí Òkè Pàtí ti Lọ́kọ́ja lọ́ọ̀ọ́kán, ohun kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta ẹ́ńjìnnì fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń fi gbé ìyàwó àti ọmọ kọjá odò, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sọ pé kí n wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú òun kí òun tó sanwó. Ká ní wọ́n sọ ọ́ ni, mo mọ èyí tí ǹ bá má tà nínú wọn.

Ọ̀rẹ́ mi Ìyá Rábì, tó ń ta ẹja ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, àti àwọn yòókù ti pé sídìí mi kí n tó sọ báàgì kalẹ̀.

"Èló lo ná an wálẹ̀?" Ìyá Rábì ní.

"Kò wálẹ̀."

"Kò wálẹ̀ báwo?"

"Iye tó pè é ni mo san."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní bóyá ọ̀nà ló rẹ̀ mí.

"Kí ló wá dé tó o fi rà á?"

Mo ní mo jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi, ó gbé wa lọ, ó sì gbé wa sọ̀. Ọ̀kan ní Ọlọ́run ṣeun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn. Ìyá Rábì wá mí kanlẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá kọ́kọ́ ná an dé ọgbọ̀n kí òun tó wọ̀ ọ́.