Òórùn Ẹnu Ìdíìlẹ̀kẹ̀

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ lásìkò ààwẹ̀, òórùn kúnú tí mo fi ata-ilẹ̀ àti kànáfùrù sè ló máa ń gba ilé wa ní Runjin Sambo nílẹ̀ Haúsá kan, òun àti àkàrà tó ń hó nínú òróró ẹ̀pà. Ìlọrin ni gbogbo wa ti wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àlájì, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ni olórí ilé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira, ààwẹ̀ bọ́ sínú ọyẹ́, ètè gbogbo wa là, ẹsẹ̀ wa funfun bí ẹni tó tẹ eérú. Òórùn mìíràn wá wọlé lọ́dún náà. Ó dùn, ó sì kan, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Ẹnu àbúrò ọkọ mi obìnrin ló ti ń jáde.

Ìwọ náà mọ àṣà ilé ọkọ, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ìdíìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ pupa tó máa ń dún nídìí rẹ̀ bó bá ń gbálẹ̀. Ọmọge tó sanra dáadáa ni nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì ti tọrọ rẹ̀ fún ọmọ oníṣòwò kan ní Kofar Kware. Ká túnu ni ìgbéyàwó kù. Ṣùgbọ́n kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ló ti ń rù. Ó ń jẹun bí ẹni tó ti oko dé, síbẹ̀ ó ń rù. Ó ń mu omi nínú ọyẹ́ bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn ni, ó sì ń tọ̀ ṣáá, èèrà sì ń wọ́ lọ síbi tó bá ti tọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìlẹ̀kẹ̀ náà yọ kúrò nídìí rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ lódindi, kò tilẹ̀ já. Àwa méjèèjì dúró, à ń wò ó.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé bí mo ṣe máa tán lọ nìyí?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Àlájì ká a mọ́ ìdí àmù, ó ń mumi. Ó sún mọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn.

"Bùrùkùtù! Nínú ilé èmi! Nínú ààwẹ̀!"

"Àlájì, mi ò mu nǹkan kan. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí."

"Ẹnu rẹ ń rùn, o tún ń fi parọ́!"

Ìyàwó rẹ̀ àgbà dá sí i láti inú yàrá: "Ẹ ò rí bó ṣe ń rìn tàgétàgé! Ta ni kò mọ ọ̀mùtí?"

Àlájì ní ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ni yóò gbé e padà sí Ìlọrin, òun fúnra òun ni yóò sì lọ sọ fún àwọn àna pé kò sí ìyàwó mọ́. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀wà tí mo ń lọ̀ wà lọ́wọ́ mi, inú bí mi débi pé mo ju ọmọ ọlọ sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà kò lè dìde. Ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. Àlájì ní ọtí ló ń sùn. Mo wo ọkọ mi. Ó ní, "Àlájì ti sọ̀rọ̀."

Mo bọ́ síta, mo dá Haúsá kan tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru igi ìdáná dúró. Ọkùnrin náà kò bi mí pé kí ló mu. Ó da igi rẹ̀ sílẹ̀, a gbé ọmọ náà gùn ún, ó sì ń di orí rẹ̀ mú títí a fi dé ọsibítù, ó ń kí i pẹ̀lẹ́, "Sannu, sannu."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó fi imú sún mọ́ ẹnu ọmọ náà, ló bá ké pe dókítà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi omi sí i lára, mo bi nọ́ọ̀sì náà pé ọtí wo ni.

"Ọtí kẹ̀? Ìyá, àtọ̀gbẹ ni. Ara wa jẹ́ wóró kéékèèké tójú ò lè rí, oníkálukú wọn ló sì ń dáná tiẹ̀. Ṣúgà inú oúnjẹ ni wọ́n fi ń dá a. Bẹ́ ẹ bá gbààwẹ̀ tí ṣúgà bá dín kù, wọ́n á yí sórí ọ̀rá ara. Bẹ́ ẹ bá ṣínu, wọ́n á padà sórí ṣúgà. Ti ọmọ yìí ò lè padà. Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò rọ́nà wọlé. Ọ̀rá rẹ̀ ló ń jó tọ̀sán-tòru, òórùn rẹ̀ lẹ sì ń gbọ́ yẹn. Díẹ̀ nínú ẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀yin aláàwẹ̀ náà."

Mo jókòó sílẹ̀. Ọmọ náà dà bí ẹni tí igi kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ilẹ̀kùn tì, tó wá ń fọ́ àpótí ìjókòó rẹ̀ dáná. Gbogbo oúnjẹ tí mo ń bù fún un, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń dúró sí. Ohun tó tún wá bí mi nínú jù ni pé àwa aláàwẹ̀ la máa ń sọ pé òórùn ẹnu wa níyì lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Kí wọ́n tó ṣínu lọ́jọ́ náà ni Àlájì dé pẹ̀lú ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sókè, ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Kò wojú ọmọ náà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, ẹnu tí kò tíì kan nǹkan láti sààrì.

Mo ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ọtí wo lẹ mu?"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ògiri. Ọkọ mi ní, "Haba!"

Ọmọ náà yè. Abẹ́rẹ́ di ti ojoojúmọ́, ara rẹ̀ padà, èmi ni mo sì tún ìlẹ̀kẹ̀ náà sín fún un. Ṣùgbọ́n Àlájì ti lọ sọ́dọ̀ àwọn àna kó tó wá sí ọsibítù, kò sì padà lọ sọ òótọ́ fún wọn. Èmi ni mo lọ, àwọn àna sì ní àwọn ti gbọ́ ti ẹnu olórí ilé, ìgbéyàwó fọ́ síbẹ̀. Nígbà tí a túnu tán, ẹbí pe ìpàdé, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àlájì nítorí ìbéèrè mi. Kò sẹ́ni tó ní kí Àlájì náà tọrọ tiẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ jù sínú ọkọ̀ kó kú sójú ọ̀nà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo ti di ìyá àgbà báyìí, ara mi balẹ̀, n kì í pariwo mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi èso dàbínù ṣínu tí mo sì mọ̀ pé ara mi ń padà sórí ṣúgà, inú á tún bí mi. Àforíjì ni mo tọrọ. Ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀, mi ò kó o kúrò.