Ìtàkùn Ọ̀dùnkún Tí Ìyá Mi Fi Du Àgbò

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga tó ògiri balùwẹ̀ wa, ọ̀dùnkún ló kún ẹ̀yìn ilé wa ní Àgídìngbì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò mọ nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju ọ̀dà àti búlọ́ọ̀kù lọ, ẹ má rò pé mò ń parọ́. Bí ẹ bá ti jáde láti ilé ìdáná wa, ebè ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, títí dé ìdí ògiri ilé iṣẹ́ ńlá tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Fèrè ilé iṣẹ́ yẹn ló ń jí wa láàárọ̀. Bàbá mi á gba iwájú ilé lọ síbi iṣẹ́ wọn, ìyá mi á gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tiwọn. Bí ẹ bá bi mí pé iṣẹ́ ta ló bọ́ wa jù, mi ò ní dáhùn, nítorí bàbá mi ti kú, kò sí ẹni tí yóò gbèjà wọn.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa. Bàbá onílé wa ló ni ín, àgbàlagbà ọkùnrin kan, ọmọ onílẹ̀ pọ́nńbélé, mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun kọjá. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa lórí ẹ̀yìnkùlé yẹn. Wọ́n kàn sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n máa fi dáko, ọjọ́ tí oko náà bá kú, àwọn á fi ilẹ̀ àwọn ṣe nǹkan mìíràn.

Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi, wọ́n sì jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà. Bí ìkórè bá dé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ìyá yòókù á lọ ra iṣu lọ́jà Agége, wọ́n á rù ú wọlé. Ilẹ̀ tí ìyá mi fi ọwọ́ ara wọn kọ ebè sí ni ẹrù inú apẹ̀rẹ̀ tiwọn ti ń wá. Ẹ ò bá wo bí wọ́n ṣe ń rìn lọ́jọ́ náà. Mo máa ń tẹ̀ lé wọn pẹ́kípẹ́kí kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé èmi ni ọmọ wọn.

Àrùn wá dé. Ewé ọ̀dùnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò, ó ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe, ìtàkùn rẹ̀ kò sì gùn mọ́. Nígbà tí a wà á, ohun tó wà nísàlẹ̀ kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Lọ́dún kejì, ó burú sí i, gbogbo àdúgbò ló sì ń ké. Àwọn kan ní èéfín ilé iṣẹ́ ni, àwọn kan ní ilẹ̀ ló ti ṣá. Ìyá mi gbààwẹ̀, wọ́n wọ́n omi àdúrà sórí ebè, àrùn kò lọ. Bàbá onílé wá dúró lẹ́bàá oko wa, wọ́n wò ó yí ká, wọ́n ní àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti ń bá àwọn sọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu ìyá mi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa kan fún yín. Ìgbà òjò ni Iléyá máa ń bọ́ sí láwọn ọdún yẹn, ìgbà tí ọ̀dùnkún ń rú, tí a sì ń múra láti gé ìtàkùn rẹ̀ gbìn sórí ebè tuntun. Bàbá onílé á so àgbò ọdún wọn mọ́ ìdí àgbọn iwájú ilé, àwa ọmọ àdúgbò, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, á sì máa gé ìtàkùn ọ̀dùnkún lọ fún un. Ta ló jẹ́ gbé ewé tó ká kò lọ fún àgbò Bàbá onílé? Àbùkù ńlá ni. Èyí tó tutù yọ̀yọ̀, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, la máa ń gé. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni àwọn ìyá wa ń gbìn.

Ẹ̀yin ti rí i báyìí, àbí? Àwa kò rí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ara àgbò ni ojú tiwa wà.

Ìyá mi ló rí i. Ebè kan wà ní ìdí ògiri ilé iṣẹ́ tí àrùn kò rí gbé ṣe. Èyí tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ ti ká kò, èyí tó wà lósì ti pọ́n, òun nìkan tutù láàárín wọn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ láti gé e fún àgbò nígbà tí ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Wọ́n wo ìtàkùn náà, wọ́n wo èyí tó ká kò tí wọ́n ti kó jọ fún gbígbìn, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Wọ́n ní, "Èyí tó yè là ń fi bọ́ àgbò. Aláìsàn là ń gbìn."

Ó rọrùn láti sọ o. Ta ni yóò lọ sọ fún Bàbá onílé pé àgbò wọn kò ní jẹ ìtàkùn tó hù lórí ilẹ̀ wọn? Ìyá mi ní kí n lọ gé koríko létí gọ́tà, wọ́n bu èèpo iṣu lé e, wọ́n ní kí n gbé e lọ. Àgbò jẹ ẹ́, kò ṣàròyé. Olówó rẹ̀ ló bínú. Kò pẹ́ tí Bàbá onílé fi dé ẹnu ọ̀nà wa, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, orí ilẹ̀ mi lo ń gbìn ín sí, o wá ń fi ewé rẹ̀ du àgbò ọdún mi?"

Bàbá mi wọ yàrá lọ, wọ́n ní àwọn ń wá bàtà. Ìyá mi kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ fún mi títí di ìgbà ìkórè wa. Bí ilẹ̀ yìí kò bá mú nǹkan jáde, èmi fúnra mi ni n ó lọ pe àwọn ẹlẹ́búlọ́ọ̀kù wá."

Bàbá onílé fa tẹ̀sùbáà wọn díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n sì lọ.

A hú gbogbo aláìsàn, a sun ún. Ìtàkùn ebè ìdí ògiri nìkan la gbìn, kò sì tó ilẹ̀, ni gbogbo àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ewé kan bá ká kò pẹ́nrẹ́n, ìyá mi á fà á tu tìdítìdí, wọn kì í ṣàánú rẹ̀. Mo rí i tí ìtàkùn ń fà, tó ń bo ebè, tó ń bọ́ sí poro. Ayọ̀ mi kò ṣeé fẹnu sọ.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ wà á, ìyá mi ránṣẹ́ pe Bàbá onílé pé kí wọ́n wá dúró tì wá. Ebè àkọ́kọ́ ti sán fúnra rẹ̀. Ìyá mi ki ọkọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀dùnkún pupa rọ̀gbọ̀dọ̀ sì yí jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Bàbá onílé bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fi etí agbádá wọn nu yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, àgbò ọdún yìí jẹ koríko, kò sì pa á."

A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù mọ́ títí Bàbá onílé fi kú. Nígbà tí Iléyá tún dé, àwọn fúnra wọn ló kìlọ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí pé kí ẹnikẹ́ni má gé ìtàkùn tó yè fún àgbò àwọn. Itan àgbò tí wọ́n máa ń gbé lọ fún àna wọn, ilé wa ni wọ́n gbé e wá lọ́dún náà. Ìyá mi tí kì í fọ́nnu gbé itan yẹn gba iwájú gbogbo ilé àdúgbò kọjá kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Ayé ti yí padà. Ilé iṣẹ́ bàbá mi ti kógbá sílé, fèrè rẹ̀ kò dún mọ́, àwọn ọmọ Bàbá onílé sì ti kọ́lé sórí ebè wa. Ọmọ ọmọ mi tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village fi hàn mí lójú fóònù rẹ̀ pé àwọn onímọ̀ ti ń mú ọ̀dùnkún tí àrùn kì í ṣe jáde. Ó bá mi wá díẹ̀, mo gbìn ín, ó dára, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìtàkùn ìyá mi ni mo gbìn ín sí, ní ẹ̀yìnkùlé mi bíńtín ní Dopemu. Gbogbo ibi tí mo kó lọ láyé mi ni mo gé ìtàkùn ìdí ògiri yẹn dání lọ, kò sì tíì ká kò rí.

Ní Iléyá tó kọjá, ìyàwó ilé kejì yọjú lórí fẹ́ǹsì, ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gé díẹ̀ nínú ewé yín yìí fún àgbò wa, ó mà tutù o."

Mo kí i kú ọdún, mo sì lọ bu èèpo iṣu fún un.